Kílọ́ọ̀sì Ẹ̀gbọ́n Mi Lórí Òkè Mápó

Ohun tí ẹ̀gbọ́n mi kọ́kọ́ sọ ni pé kílọ́ọ̀sì kẹ̀kẹ́ òun ti ń le. Bí ẹni ń sọ pé òjò ti ṣú ló ṣe sọ ọ́. Ó jókòó sórí pèpéle ilé wa ní Bẹyẹrúnkà, ó ń fi ọwọ́ ọ̀tún fún àwọn ìka ọwọ́ òsì lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìyàwó rẹ̀ ní kó gbé kẹ̀kẹ́ lọ fún mẹkáníìkì. Ó ní òun máa gbé e lọ. Èmi tí mo jókòó tì wọ́n, tí mo ń jẹ ẹ̀pà, kò sóhun tí mo fi kún un. Ohun tó bá le, dídẹ̀ ni wọ́n ń dẹ̀ ẹ́.

Èmi ni àbúrò tó tẹ̀ lé e, obìnrin. Oníròyìn ni mí, mo sì ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ náà. Bí ọkọ̀ bá dojú dé, wọ́n á rán mi lọ, màá sì bi awakọ̀, èrò àti ẹni tó ń kọjá lọ pé kí ló ṣẹlẹ̀. Ìdáhùn wọn kì í sábà bára mu, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ẹnu wọn gan-an ni mo máa ń gbé sílẹ̀ bó ṣe wà. Bí mo ṣe máa sọ eléyìí náà nìyẹn.

Kẹ̀kẹ́ Márúwá ni ẹ̀gbọ́n mi ń wà. Tirẹ̀ ni, kì í ṣe pé ó ń bá ẹnikẹ́ni wà á. Láti Bẹẹrẹ ló ti ń gbé èrò, yóò gun òkè Mápó, yóò sì sọ̀ kalẹ̀ sí Ọjà'ba. Iṣẹ́ aṣọ rírán tó kọ́ nígbà èwe ti kú mọ́ ọn lọ́wọ́ nígbà tí aṣọ àrán-sílẹ̀ gba ọjà. Kẹ̀kẹ́ yìí ló fi tọ́ ọmọ. Òun náà ló sì fi jẹ́ ẹnì kan ládùúgbò.

Ẹni tí kò bá wa Márúwá rí lè máà mọ iṣẹ́ tí kílọ́ọ̀sì ń ṣe. Irin pẹlẹbẹ kan wà níwájú ibi tí awakọ̀ ń fi ọwọ́ òsì dì mú. Bí ó bá fún un pọ̀, agbára ẹ́ńjìnnì á tú kúrò lára táyà. Bí ó bá jù ú sílẹ̀, agbára á dì í mú padà. Ọwọ́ òsì kan náà yẹn ló tún ń yí jíà. Nínú ẹ́ńjìnnì lọ́hùn-ún, àwo pẹlẹbẹ pẹlẹbẹ ni wọ́n tò léra wọn, sípíríǹgì ló sì ń tì wọ́n pọ̀. Sípíríǹgì tó bá le, àwọn àwo á lẹ̀ mọ́ra, kẹ̀kẹ́ á gun òkè, ṣùgbọ́n ọwọ́ á jìyà. Sípíríǹgì tó bá rọ̀, ọwọ́ á gbádùn, ṣùgbọ́n bí òkè bá dé, àwọn àwo á máa yọ̀ lórí ara wọn. Ẹ́ńjìnnì á máa ké, táyà kò ní lọ síbì kankan.

Mápó kì í ṣe òkè tí èèyàn ń fi sípíríǹgì rírọ̀ gùn. Gbogbo àwọn tó ń gba ọ̀nà yẹn ló mọ ọgbọ́n kan: wọ́n á ní kí mẹkáníìkì fi wásà, irin roboto pẹlẹbẹ kékeré, sábẹ́ sípíríǹgì kọ̀ọ̀kan, kó lè le ju bí wọ́n ṣe ṣe é wá láti òkè òkun lọ. Dídi kílọ́ọ̀sì ni wọ́n ń pè é. Ti ẹ̀gbọ́n mi ló le jù nínú gbogbo wọn. Àwọn yòókù, bí wọ́n bá dé ibi tí òkè ti ga jù, wọ́n á ní kí ẹni méjì dákun fẹsẹ̀ rìn díẹ̀. Òun kò sọ èrò kalẹ̀ rí. Àwọn ìyá tó ń ru ẹrù lọ sí Ọjà'ba a máa jẹ́ kí kẹ̀kẹ́ mìíràn lọ, wọ́n á dúró dè é.

Ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì náà wà lẹ́yìn Bẹẹrẹ, lábẹ́ igi fúrúùtù kan tí epo ti sọ ìdí rẹ̀ di dúdú. Ọmọ Kúdẹtì ni mẹkáníìkì náà, ó kéré sí ẹ̀gbọ́n mi dáadáa lọ́jọ́ orí. Ó tú kílọ́ọ̀sì, ó yọ díẹ̀ nínú àwọn wásà, ó sì dé e padà.

Wọn kì í gba kẹ̀kẹ́ lọ lásán ní ṣọ́ọ̀bù yẹn. Bí wọ́n bá ti tún kílọ́ọ̀sì ṣe, àwọn oníkẹ̀kẹ́ tó wà nítòsí á wọ ẹ̀yìn, àwọn ni wọ́n máa ṣe ẹrù. Ẹni tó ni kẹ̀kẹ́ á wà á gun Mápó lójú gbogbo wọn. Bí ó bá gùn ún, ó di tirẹ̀. Bí kò bá gùn ún, wọ́n á padà wá tú u. Ẹni tó bá sanra ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ pè.

"Ìwọ, wọlé. Ìwọ nìkan tó ẹni méjì."

"Ẹ fi mí sílẹ̀ jàre, mi ò tíì jẹun."

"O ò tíì jẹun, o rí báyìí? Bó o bá wá jẹun ńkọ́, Mápó á sọ̀ kalẹ̀ wá bá wa níbí."

Wọ́n rẹ́rìn-ín lọ, wọn ò rẹ́rìn-ín bọ̀. Àwọn àwo náà yọ̀ kí wọ́n tó dé àárín òkè. Wọ́n ní òórùn ohun tó ń jóná gba inú kẹ̀kẹ́ kan. Mẹkáníìkì dá àwọn wásà padà.

Kò pẹ́ tí ẹ̀gbọ́n mi tún fi dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. "Ó le."

Báyìí ni wọ́n ṣe ń bá a yí. Wọ́n pààrọ̀ kébù tó so irin ọwọ́ mọ́ ẹ́ńjìnnì. Wọ́n pààrọ̀ ọ́ìlì. Wọ́n yọ wásà, wọ́n dá a padà, wọ́n yọ ìdajì, wọ́n wá sípíríǹgì irú ẹ̀yà mìíràn. Nígbà kan, mẹkáníìkì jó irin kékeré mọ́ apá tí kébù ń fà, kó lè gùn sí i, nítorí apá tó bá gùn kì í béèrè agbára púpọ̀ lọ́wọ́ ẹni tó ń fà á. Ọwọ́ rọ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n kílọ́ọ̀sì kò wá tú tán mọ́. Bí ẹ̀gbọ́n mi bá fẹ́ yí jíà, á ké gìrìrì, kẹ̀kẹ́ á sì ta síwájú bí ewúrẹ́ tí wọ́n sọ lókùúta. Wọ́n gé irin náà kúrò.

Mo kọjá ní Bẹẹrẹ lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí wọ́n tún fẹ́ dán an wò. Ẹrù ò pé. Mẹkáníìkì ní, "Àǹtí, ẹ bá wa jókòó sẹ́yìn." Mo wọlé, òun náà wọlé, oníkẹ̀kẹ́ kan tí ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́ jókòó sáàárín wa. Ẹ̀gbọ́n mi wà níwájú, ẹ̀yìn rẹ̀ ni mò ń wò.

Ní ibi tó ti fẹ́ yí jíà, ọwọ́ òsì rẹ̀ gbá irin náà mú, àwọn ìka sì dúró síbẹ̀. Wọn ò pọ̀ mọ́ra. Mo rí i tí èjìká rẹ̀ gbéra sókè, bí ẹni pé èjìká ló fẹ́ fi tẹ̀ ẹ́. Lẹ́yìn náà ni ọwọ́ ọ̀tún kúrò níbi tó fi ń fún ẹ́ńjìnnì ní iná, ó kọjá sí apá òsì, ó ran ìkejì rẹ̀ lọ́wọ́.

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ fẹ́ fà á tu ni?" ni oníkẹ̀kẹ́ náà wí. "Kílọ́ọ̀sì kan, ọwọ́ méjì. Ẹ ti fẹ́ orogún fún un."

"Ìwọ tí tìrẹ ò ní orogún," ni ẹ̀gbọ́n mi dáhùn láìwo ẹ̀yìn, "kí ló dé tó o fi ń sọ èrò kalẹ̀ ní Mápó?"

Èmi àti oníkẹ̀kẹ́ náà rẹ́rìn-ín. Mo wo mẹkáníìkì. Kò rẹ́rìn-ín. Ojú ọ̀nà ló ń wò.

A gun òkè náà lọ́jọ́ yẹn. Ẹ̀gbọ́n mi gba kẹ̀kẹ́ rẹ̀, ó sì padà sẹ́nu iṣẹ́. Ṣùgbọ́n ọwọ́ ọ̀tún tó kọjá sí òsì yẹn kò kúrò lójú mi. Mo sọ fún ara mi pé kílọ́ọ̀sì ló le.

Ohun tó gbé mi dìde ni ìròyìn tó dé ilé pé kẹ̀kẹ́ ti fẹ̀yìn kọlu ògiri ní òkè Mápó. Ẹ̀gbọ́n mi ní kò sóhun tó ṣẹlẹ̀, kébù ló já. Mo lọ wá obìnrin tó gbé lọ́jọ́ náà. Ó ń ta ọṣẹ dúdú ní Ọjà'ba, ó sì pẹ́ tó ti ń wọ kẹ̀kẹ́ rẹ̀. Bí mo ti sọ ẹni tí mo jẹ́ fún un, ó fà mí jókòó sórí àpótí.

"Kébù ò já, Àǹtí," ló wí. "Mi ò fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ bàbá yẹn láìdáa, èrò wọn ni mí. A ń gun òkè, ọkọ̀ kan dúró gbagidi níwájú wa. Bàbá náà dúró. Ìgbà tó yẹ ká tún gbéra, mo rí i tí wọ́n ń fún irin ọwọ́ òsì yẹn, tí kò fún. Wọ́n wá gbé ọwọ́ méjèèjì sí i, ó tú lẹ́ẹ̀kan, a bá ń yí padà sẹ́yìn. Kí wọ́n tó rántí bíréèkì, ìdí kẹ̀kẹ́ ti kọlu ògiri ilé kan. Ọlọ́run ló ní kó jẹ́ ògiri. Bó bá jẹ́ èèyàn ló ń bọ̀ lẹ́yìn wa ńkọ́?"

Mo bi í bóyá ó farapa.

"Ó tì o. Ọṣẹ mi ló dà sílẹ̀. Wọ́n sọ̀ kalẹ̀, wọ́n ń bá mi ṣà á. Ọwọ́ ọ̀tún nìkan ni wọ́n fi ń ṣà á. Wọ́n ní kí n má bínú, pé kébù ló já. Mo wo kébù náà, Àǹtí. Ó wà níbẹ̀, ó ń dán."

Mo bi í bóyá ó tún máa wọ kẹ̀kẹ́ ẹ̀gbọ́n mi. Ó gbá ìdọ̀tí tí kò sí lórí àtẹ rẹ̀ dànù.

"Ti ẹlòmíì ni mo wọ̀ wá láàárọ̀ yìí," ló wí.

Mo padà sílé, mo bá ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi níbi tó ti ń fọ aṣọ. Gẹ́gẹ́ bí ìyàwó ilé, ọkọ ló ń pe èmi náà. Mo ní kó sọ òótọ́ fún mi. Ó kọ́kọ́ fún aṣọ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ gbẹ.

"Ọkọ mi, búútà ló bẹ̀rẹ̀," ló wí. "Búútà tí wọ́n fi ń ṣe àlùwàlá. Ó bọ́ lọ́wọ́ wọn, omi dà. Wọ́n ní ọwọ́ búútà yẹn ò dáa, ó ń yọ̀. A ra òmíràn. Lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n ní bọ́tìnnì ẹ̀wù wọn ti tóbi ju ihò rẹ̀ lọ. Mo gbé ẹ̀wù lọ fún télọ̀, ó fẹ ihò. Wọ́n ní kọ́kọ́rọ́ yàrá le, a pààrọ̀ àgádágodo. Sálúbàtà ẹsẹ̀ òsì ń bọ́ lẹ́sẹ̀ wọn lọ́nà mọ́sálásí, wọ́n ní ayédèrú ni, a ra òmíràn. Òun náà tún ń bọ́. Ṣé ẹ rí i báyìí, kò sí ohun àtijọ́ kan mọ́ nínú ilé wa. Tuntun ni gbogbo ẹ̀."

"Ìwọ ò sì fura?"

"Mo fura. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti sọ pé búútà ni, èmi náà á gbé búútà yẹn, màá yẹ̀ ẹ́ wò, màá sì rí i pé lóòótọ́, ọwọ́ rẹ̀ ń yọ̀ díẹ̀. Ohun tí èèyàn bá wá àléébù sí lára, á rí i. Kí ni kí n ṣe? Ṣé kí n wí fún ọkọ mi pé kì í ṣe búútà, ìwọ ni?"

Ó tún mú aṣọ mìíràn. N kò lè bá a wí. Èmi náà ti jókòó lẹ́yìn kẹ̀kẹ́, mo ti rí ọwọ́ méjèèjì, mo sì ti rẹ́rìn-ín.

Mẹkáníìkì ni mo lọ bá kẹ́yìn. Ó ti mọ ohun tí mo wá ṣe kí n tó jókòó.

"Àǹtí, mo mọ̀," ló wí. "Ìgbà kejì tí wọ́n gbé e wá ni mo ti mọ̀. Mo fún kílọ́ọ̀sì yẹn, kò le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Mo ní kí ẹlòmíì fún un, òun náà sọ bẹ́ẹ̀. Wọ́n jókòó síbẹ̀ yẹn, wọ́n ń wò wá."

"Kí ló dé tó ò fi sọ?"

"Ẹnu wo ni mo máa fi sọ ọ́? Ẹ̀gbọ́n ni wọ́n jẹ́ sí mi. Ẹni tó gbé ọkọ̀ wá sọ pé ọkọ̀ ń dùn ún, ọkọ̀ lèmi ń wò. Èmi náà wá ń bẹ Ọlọ́run pé kí n rí ohun tó bàjẹ́ níbẹ̀. Mo tú u, mo dé e. Mo jó irin mọ́ apá rẹ̀. Bí mo bá rí ọ̀nà tó lè rọ̀ kó sì tún gun òkè, ṣé mi ò ní ṣe é? Kò sí i. Bó bá rọ̀, ó ń yọ̀. Bí kò bá yọ̀, ó le. Bí wọ́n ṣe ṣe é nìyẹn."

Mo gbé ẹ̀gbọ́n mi lọ sí ilé ìwòsàn. Kò bá mi jà. Ìyẹn gan-an ló bà mí lẹ́rù, torí ọkùnrin tó máa ń jiyàn lórí ọjọ́ tí oṣù ààwẹ̀ yọ pàápàá ni. Dókítà tó rí wa jẹ́ ọmọbìnrin tí ì bá bí. Ó na ìka méjì sí i.

"Bàbá, ẹ fún un pọ̀."

Ẹ̀gbọ́n mi gbá a mú.

"Ẹ fún un dáadáa, Bàbá. Ẹ má ṣàánú mi."

"Mo ti ń fún un," ni ẹ̀gbọ́n mi wí.

Wọ́n ya àwòrán ọrùn rẹ̀. Dókítà náà ṣàlàyé rẹ̀ fún wa pẹ̀lú sùúrù. Eegun ọrùn ló ń tẹ okùn iṣan tó ń gbé agbára lọ sí ọwọ́ àti ẹsẹ̀. Ó ti pẹ́ tó ti ń tẹ̀ ẹ́. Iṣẹ́ abẹ lè dá a dúró kó má burú sí i, ṣùgbọ́n òun ò lè ṣèlérí pé ohun tó ti lọ máa padà. Wọn kì í ṣe é níbẹ̀, ibòmíràn ni wọ́n máa fi wá ránṣẹ́ sí, kí a máa retí ìpè láti ibẹ̀. A ṣì ń retí rẹ̀.

"Bẹ́ẹ bá tètè wá," ló wí, "nígbà tẹ́ ẹ kọ́kọ́ rí i."

Mo ro gbogbo ìgbà tí wọ́n tú kílọ́ọ̀sì yẹn. Bí a bá gbé ọwọ́ náà lọ sọ́dọ̀ dókítà níye ìgbà tí a gbé kẹ̀kẹ́ lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì, bóyá ọ̀rọ̀ ì bá yàtọ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi kò béèrè nǹkan kan nípa iṣẹ́ abẹ. Ohun tó béèrè ni pé, "Dókítà, bí wọ́n bá mú kí kílọ́ọ̀sì yẹn rọ̀ gan-an ńkọ́?"

Dókítà náà wo ojú mi, bóyá kí n lè ràn án lọ́wọ́.

"Bàbá," ló wí, "ẹ má wa nǹkan kan mọ́."

Àfi bí ẹni pé dókítà ní kó máa wà á lọ. Láti ilé ìwòsàn, ó ní kí a gba Bẹẹrẹ. Ó sọ fún mẹkáníìkì pé kó yọ gbogbo wásà, kó sì wá sípíríǹgì tó rọ̀ jù lọ tó bá lè rí. Mẹkáníìkì wò mí. Mo sọ ohun tí dókítà wí lójú àwọn méjèèjì. Ẹ̀gbọ́n mi ní òun gbọ́, òun náà wà níbẹ̀, kò sì sẹ́ni tó ní kí n tún un sọ.

Mẹkáníìkì ṣe é. Ó rọ̀ débi pé ọmọdé lè fún un. Ẹ̀gbọ́n mi fún un, àwọn ìka rẹ̀ sì pọ̀ mọ́ra. Ó tún fún un. Ojú rẹ̀ là, mo sì rí bó ṣe rí nígbà tó kọ́kọ́ gbé kẹ̀kẹ́ náà wálé. Mi ò tíì rí ohun tó dùn mí tó ìyẹn.

Ó ní òfin ṣọ́ọ̀bù, òfin ni, kí wọ́n wá ṣe ẹrù fún òun. Àwọn oníkẹ̀kẹ́ dìde lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹni tí ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́ wọlé, èmi náà wọlé. Kò sẹ́ni tó fi ẹnikẹ́ni ṣe yẹ̀yẹ́ pé ó sanra. Mẹkáníìkì jókòó tì í níwájú, ó fi ìdí kan jókòó sétí àga, ẹsẹ̀ rẹ̀ sún mọ́ bíréèkì.

Ní ilẹ̀ tó tẹ́jú, kẹ̀kẹ́ náà lọ geere. Ẹ̀gbọ́n mi yí jíà fúnra rẹ̀, ọwọ́ òsì nìkan. Nígbà tí òkè bẹ̀rẹ̀, ẹ́ńjìnnì gbé ohùn sókè. A dé ibi tó ga díẹ̀, ohùn náà lọ sókè sí i, a sì ń lọ díẹ̀díẹ̀. Lẹ́yìn náà, ohùn nìkan ló ń lọ. Òórùn dé. Àwọn tó ń fẹsẹ̀ rìn kọjá lára wa, wọ́n ń wò wá. Ọmọ iléèwé kan di imú rẹ̀.

"Ẹ sọ̀ kalẹ̀," ni ẹ̀gbọ́n mi wí.

Kò sẹ́ni tó mira.

"Mo ní kí ẹ sọ̀. Ẹ sọ̀ kalẹ̀ kúrò nínú kẹ̀kẹ́ mi."

A sọ̀. Òun nìkan ló kù nínú rẹ̀, àwọn àwo náà ṣì ń yọ̀, wọ́n ti jóná. A dì í mú lẹ́yìn kó má baà yí padà. Mẹkáníìkì pa ẹ́ńjìnnì. A rọra darí rẹ̀, a sì tì í sọ̀ kalẹ̀ sí Bẹẹrẹ, ẹ̀gbọ́n mi ń rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, sálúbàtà òsì wà lọ́wọ́ ọ̀tún rẹ̀.

Wọ́n fi àwo tuntun sí i. Mẹkáníìkì bi í bóyá kó dá àwọn wásà padà. Ó ní rárá, kó fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ó ní ilé lòun ń gbé e lọ.

Ó wá ń jókòó sínú rẹ̀ láàárọ̀ lẹ́nu ọ̀nà ilé wa. Á fọ̀ ọ́, á tan ẹ́ńjìnnì, á sì máa fún kílọ́ọ̀sì. Á fún un, á tú u. Ó ní òun ń ṣe eré ìdárayá fún ọwọ́. Bí mo bá bi í nípa rẹ̀, á ní, "Bí ọwọ́ bá padà díẹ̀, màá máa gbé èrò ní ọ̀nà tó tẹ́jú." Mo ro gbogbo ọ̀nà tó yí wa ká, láti Bẹyẹrúnkà dé Oníyanrìn, mi ò rí èyí tó tẹ́jú. Èmi náà kò sọ. Mo ti dà bí ìyàwó rẹ̀ àti mẹkáníìkì.

Ilé kò lè dúró bẹ́ẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ ló bá géńdé kan láti Òkè Bọ́lá sọ̀rọ̀ pé kó máa wa kẹ̀kẹ́ náà. Ẹ̀gbọ́n mi gbà, ó ní kó máa wà á títí òun máa fi gbádùn. Ọmọlúwàbí ni géńdé náà, ó dọ̀bálẹ̀ gba kọ́kọ́rọ́. Kò mọ ohunkóhun nípa ọwọ́, a kàn sọ fún un pé ara Bàbá kò yá ni.

Ọjọ́ tó kọ́kọ́ gbé e jáde, ó padà dé kí ìrun Ásárì tó tó. A wà lórí pèpéle, èmi, ẹ̀gbọ́n mi àti ìyàwó rẹ̀.

"Bàbá, ẹ káàsán," ló wí. "Ẹ má bínú pé mo tètè dé. Kílọ́ọ̀sì yìí rọ̀ jù. Èrò kan ṣoṣo, kò gun Mápó. Ṣé ẹni kan ló ti ń fi kẹ̀kẹ́ yìí kọ́ ìwakọ̀ ni? Mo ní kí mẹkáníìkì bá mi dì í, ó ní àfi bí ẹ̀yin fúnra yín bá ní kóun dì í. Mo bẹ̀ ẹ́ títí, ó kọ̀."

Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi dìde bí ẹni fẹ́ mú nǹkan nínú ilé, ó sì tún jókòó. Mo mọ ohun tí géńdé náà ń béèrè, òun ni kò mọ̀ ọ́n. Bí wọ́n bá dì í, ẹ̀gbọ́n mi kò ní lè fún un mọ́ láéláé. Bí wọn kò bá dì í, kẹ̀kẹ́ á máa jókòó lẹ́nu ọ̀nà, ilé á sì máa wò ó.

Ẹ̀gbọ́n mi bi í pé, "Ṣé ó yọ̀ gan-an?"

"Ó yọ̀, Bàbá. Gbogbo èrò ló ń bú mi."

"Wọ́n bú ẹ?"

"Wọ́n ní ṣé mo jí kẹ̀kẹ́ ni."

Ọwọ́ òsì ẹ̀gbọ́n mi wà lórí itan rẹ̀, ó ṣí sílẹ̀, ọ̀tún kò kàn án.

"Sọ fún un pé mo ní kó dì í," ló wí. "Kó fi wásà sí gbogbo wọn. Kó dì í bó ṣe wà tẹ́lẹ̀."

Géńdé náà dúpẹ́, ó tan kẹ̀kẹ́, ó sì lọ. Kò pẹ́ tí fóònù mi dún. Mẹkáníìkì ni.

"Àǹtí, ọmọ yìí ní wọ́n ní kí n dì í. Ṣé lóòótọ́ ni?"

Mo wo ẹ̀gbọ́n mi. Ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í dìde láti lọ ṣe àlùwàlá, ìyàwó rẹ̀ gbé búútà tẹ̀ lé e.

"Lóòótọ́ ni," ni mo wí.

Mẹkáníìkì kò pa fóònù. Mo gbọ́ tí wọ́n ń sọ ẹ́ńjìnnì kan kalẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, tí ẹnì kan ń béèrè sípánà. Nígbà tó pẹ́, ó ní, "Ó dáa," mo sì gbọ́ ìró irin lórí irin bó ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í tú u.